Tarkwa Bay, Ìlàṣẹ, Gbẹ̀rẹ̀fú àbí Ẹ̀pẹ́: èwo ló yẹ ará Òṣogbo tó fẹ́ sinmi létí omi, kó sì máa dáná fúnra rẹ̀?

Òṣogbo kò ní òkun. Odò Ọ̀ṣun la ní, a ò sì gbọ́ pé ẹnìkan gba ilé sétí ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó máa dín dòdò. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ lọ sí erékùṣù, kó gba ilé tó ní ilé ìdáná, kó máa rìn létí omi láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, apá Èkó ló máa kọjú sí. Erin-Ìjẹ̀ṣà dáa, mo fẹ́ràn omi Olúmirìn gan-an, ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ kan nìyẹn: ẹ lọ, ẹ gòkè, ẹ padà wá jẹun alẹ́ nílé.

Ibi mẹ́rin ni mo gbé kalẹ̀ níbí: Tarkwa Bay, Ìlàṣẹ, erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú ní Àgbádárìgì, àti Ẹ̀pẹ́. Òkun ni mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjú sí, ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́ kọjú sí. Mi ò ka òtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn rárá, torí ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà tí kì í jẹ oúnjẹ tí kò mọ ẹni tó sè é, ó ti mọ ìdí tó fi fẹ́ dáná fúnra rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó fi wọ̀n wọ́n

Kí ẹ tó wo àwòrán ilé kankan lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ẹrù yín máa bọ́ sílẹ̀ láti Òṣogbo títí dé ẹnu ilé ìdáná yẹn. Lójú tèmi, òun lọ̀rọ̀ yìí dá lé ju ẹwà etí òkun lọ. Ẹni tó ń lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì, báàgì aṣọ kan ló gbé. Ẹni tó ń lọ dáná ní iṣu nílẹ̀, ó ní gàrì, èlùbọ́, epo, òróró, kúlà tó kún fún ẹran àti yìnyín, ìkòkò méjì, omi mímu, àti sílíńdà gáàsì bí onílé ò bá ní tiẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ ó tún sọ̀ ọ́, kí ẹ tó wá máa fà á lórí iyanrìn. Àwọn tó ń polówó ilé etí òkun máa ń fi igi àgbọn àti iyanrìn funfun hàn yín. Mi ò tíì rí èyí tó ya àwòrán ẹni tó ru iṣu mẹ́fà gba inú iyanrìn kọjá lọ́sàn-án gangan.

Ilé ìdáná ló tẹ̀ lé e. “Kíṣìnì wà” kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá gáàsì ni àbí sítóòfù oníná, ta ló ń ra gáàsì, aago mélòó ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀, ṣé fíríìjì ń tutù mọ́jú. Ẹ béèrè omi pẹ̀lú: létí òkun, omi kànga míì máa ń níyọ̀ díẹ̀. Ó ṣeé fọ abọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní fẹ́ fi se ìrẹsì. Ilé kan tí wọ́n bá wa gbà rí, wọ́n ní kíṣìnì pé pérépéré. A débẹ̀, sítóòfù oníná olójú mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ó ń dán gbinrin, jẹnẹrétọ̀ ò sì lè gbé ju gílóòbù àti fáànù lọ. Ẹ̀yìn ilé la ti to òkúta mẹ́ta tí a fi igi dáná, onílé sì gba owó rẹ̀ láìdín kọ́bọ̀.

Ìrìn létí omi náà ní ìbéèrè tiẹ̀: báwo ni iyanrìn yẹn ṣe gùn tó kí ògiri ẹnìkan tó dí yín lọ́nà? Ní ti kí ọmọdé wọ omi, òkun wa kì í ṣeré. Ó máa ń jìn lójijì, ìgbì rẹ̀ ń fọ́ sí tòsí ilẹ̀, omi tó ń padà sẹ́yìn sì ń wọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Owó wá kẹ́yìn, ìbéèrè rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ṣé gbogbo ilé ni wọ́n ń dá owó lé ni, àbí orí kọ̀ọ̀kan? Mi ò ní kọ iye síbí, torí bí owó epo bẹntiróò bá ti yí ni owó ọkọ̀ ojú omi àti jẹnẹrétọ̀ ń yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí máàpù máa fi hàn yín tí àwọn aṣojú onílé kì í sọ. Láti ẹnu èbúté Èkó lọ sí ìwọ̀ oòrùn dé Àgbádárìgì, ìlà iyanrìn kan ṣoṣo ló wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Òkun ò rí ibì kankan já wọlé níbẹ̀. Tarkwa Bay wà ní orí rẹ̀ níhà Èkó, Ìlàṣẹ wà lórí rẹ̀, Gbẹ̀rẹ̀fú náà wà lórí rẹ̀. Òkun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí. Bí ẹnìkan bá wá ń sọ fún yín pé etí òkun Ìlàṣẹ ju ti Gbẹ̀rẹ̀fú lọ fíìfíì, ilé tó wà níbẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe omi.

Tarkwa Bay

Òun nìkan ni ìgbì rẹ̀ yàtọ̀. Nígbà ìjọba amúnisìn, wọ́n kó òkúta sínú òkun láti fi mọ ògiri sí ẹnu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìfi idí gbá iyanrìn. Abẹ́ ààbò ògiri yẹn ni Tarkwa Bay wà, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi rọlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Nínú ibi tó kọjú sí òkun, òun nìkan ni mo lè ní kí ọmọ kékeré ti ẹsẹ̀ bọ omi rẹ̀, kí àgbàlagbà sì dúró tì í. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń fi pátákó gun ìgbì, ìhà ibi tí ààbò òkúta parí sí ni wọ́n ń lọ, ìyẹn nìkan ti tó fún yín láti mọ ibi tí ọmọ tiyín ò gbọdọ̀ dé.

Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, láti CMS, èbúté kan ní Lagos Island, tàbí láti Victoria Island, kò sì pẹ́ rárá. Ẹ ó máa rí ọkọ̀ ńlá tó ń gbé kọ̀ǹténà lọ sí Apápá bó ṣe ń kọjá níwájú yín, àwọn ọmọ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ ṣe sún mọ́ èbúté náà ni ìdọ̀tí èbúté ń sún mọ́ ọn: ike àti ọ̀rá máa ń bá ìgbì wọlé. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rọ orin máa ń pọ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ òkun mọ́.

Ní ti ká sùn kí a sì dáná, Tarkwa Bay ló kẹ́yìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará àdúgbò náà kúrò nílé wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ilé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwòrán rẹ̀ ti ṣáájú ọdún yẹn, ẹ wádìí dáadáa kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Yàrá kéékèèké àti àtíbàbà ló pọ̀ níbẹ̀, ilé ìdáná gidi ṣọ̀wọ́n. Ẹ se jọ́lọ́ọ̀fù yín láti ilé ẹbí yín ní Èkó, ẹ gbé e sínú kúlà, ẹ lo ojúmọ́ kan níbẹ̀, ẹ padà.

Ìlàṣẹ

Bó bá jẹ́ ilé lẹ ń wá, Ìlàṣẹ ni. Odindi ilé ni wọ́n ń fi háyà, tòun ti yàrá mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì mẹ́fà, ilé ìdáná tó ṣe é wọ̀, jẹnẹrétọ̀, alágbàtọ́jú tó ń sùn síbẹ̀, àwọn kan sì ní odò ìlúwẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ilé ìsinmi àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó tí wọ́n ń fi háyà nígbà tí àwọn fúnra wọn ò bá wá. Ìdí nìyẹn tí ṣíbí fi máa ń pé níbẹ̀ ju ní òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Owó rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá lé odindi ilé, owó ìdúró tún wà lórí ohun tí ẹ bá bàjẹ́, owó ọkọ̀ ojú omi sì yàtọ̀. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ méjì á sanwó yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ní sùn sí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹbí mẹ́ta ló pa owó pọ̀, tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé kan náà tó ń ṣàjọyọ̀, ẹ pín in sí orí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n. Mo ti rí i tí iye tó kan ẹnìkan fi kéré sí owó yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí kò rí òkun sójú.

Ẹ béèrè ìhà tí ilé wà. Ìhà ọ̀sà ni èbúté tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Bí ilé bá wà níhà ọ̀sà, láti inú ọkọ̀ sí ilé ìdáná kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ, ẹ ó sì wá máa rìn lọ sí òkun lọ́wọ́ òfo. Bó bá wà níhà òkun, ojú fèrèsé yín dùn ún wò, ẹrù yín ló máa gba inú iyanrìn. Èmi á yan ìhà ọ̀sà. Ìdí mìíràn ni atẹ́gùn: níhà òkun, bí ẹ bá ṣí fèrèsé kíṣìnì, iná gáàsì á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìkòkò, á yọ ahọ́n síta ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀wà á sì lo wákàtí lé wákàtí láìrọ̀. Ẹ ó ti fèrèsé, ooru á bo yín. Alásè tó bá mọ ibẹ̀ máa ń gbé páànù dúró ti sítóòfù kí atẹ́gùn má bàa rí i.

Ẹ má retí ọjà. Ẹ lè rí ẹja lọ́wọ́ apẹja bí ẹ bá jí, kí ẹ sì dúró níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n, ṣùgbọ́n ata, tòmátò, àlùbọ́sà, irú, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bá yín wá. Ọjà Ìgbọ̀nà lẹ ti máa rà á, kì í ṣe Èkó. Ẹ lọ ata àti tòmátò nílé, ẹ bọ̀ ọ́ gbẹ, ẹ dì í sínú ọ̀rá kó dì nínú fíríìsà. Òun fúnra rẹ̀ á ṣe yìnyín fún kúlà yín dójú ọ̀nà.

Ìrìn etí omi níbẹ̀ ò láfiwé. Ẹ lè rìn sápá ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn títí ó fi sú yín, iyanrìn ò ní tán. Ẹsẹ̀ lásán ló dáa, létí ibi tí omi ti rin iyanrìn tó sì le díẹ̀, torí iyanrìn gbígbẹ ń pa ojúgun. Kí ẹ wọ òkun níbẹ̀ ni mi ò fọwọ́ sí. Bí omi bá wọ́ ẹnìkan lọ, kó má bá a jìjàkadì padà sílẹ̀ tààrà: kó lúwẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá etí òkun lọ títí ó fi jáde kúrò nínú omi tó ń wọ́ ọ, kó tó wá kọjú sílẹ̀.

Gbẹ̀rẹ̀fú

Àgbádárìgì kọ́kọ́ gba sùúrù lójú títì. Láti Mile 2 lọ, ọ̀nà márosẹ̀ yẹn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 2009, gbogbo ẹni tó ń gbà á ló sì ní ìtàn tó lè sọ. Bí ẹ bá ti dé ìlú tán, gbogbo ohun tó kù rọrùn. Ẹ wọ ọkọ̀ ní Marina, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ fi gba orí ọ̀sà kọjá sí erékùṣù. Láti ibẹ̀, ẹ ó rìn lórí iyanrìn láàárín àgbọn títí dé ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, níbi tí òkun ti là sílẹ̀ níwájú yín. Ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ nìyẹn, kànga tí wọ́n ní wọ́n ń mú wọn mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé sì wà lójú ọ̀nà náà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn máa ń rí ọ̀kadà. Àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Ìlàjẹ apẹja ló ń gbé erékùṣù náà, ẹ ó sì gbọ́ ara yín, torí Yorùbá ń lọ níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi lórí Gbẹ̀rẹ̀fú lè má dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ sùn lórí erékùṣù gan-an: ẹ sùn sí ìlú. Ilé tó ní kíṣìnì tó ṣeé gbára lé kò pọ̀ lórí erékùṣù. Ní ìlú, ẹ wá ilé onífúláàtì tó kọjú sọ́sà, kí mọ́tò já ẹrù yín sẹ́nu ọ̀nà, ọjà wà nítòsí, ẹja àti àgbọn ò wọ́n yín. Àràárọ̀ lẹ ó máa sọdá lọ rìn létí òkun, pẹ̀lú omi mímu àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́. Ìrìn tó wà níbẹ̀ gùn bíi ti Ìlàṣẹ, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ògiri dí yín.

Ohun tí kò sí níbi mẹ́ta yòókù ni pé bí òjò bá dé yín mọ́lé, ẹ ṣì rí ibi lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà ní Marina, ọdún 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Ilé tí Séríkì Abass ti ń kó ẹrú pamọ́ wà, ọjà ẹrú Vlekete wà. Ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá á rí nǹkan kọ́. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú kì í ṣe ohun ìsinmi, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà.

Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe erékùṣù, kò sì ní òkun. Mo fi í kún un torí pé ẹrù yín ò ní bọ́ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níbẹ̀. Láti Òṣogbo, ẹ gba Gbọ̀ngán dé Ìbàdàn, ẹ já sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ bọ́ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ ò ní fojú kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó rárá. Ọ̀sà ló wà níwájú yín, kò ní ìgbì. Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kí lápá ibẹ̀, nítorí náà omi tó kọjá lẹ́yìn ilé yín ti ṣáájú yín débẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn ìdáná á gbádùn Ẹ̀pẹ́ ju gbogbo wọn lọ nítorí ọjà Olúwò. Ẹja ààyè, akàn, edé, ẹran ìgbẹ́, ẹ ó rà á láàárọ̀, ó di ọbẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ẹ gbé ìkòkò àti ọ̀bẹ mímú dání, kò tún ku ẹran tí ẹ máa gbé láti Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ìrìn etí omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ: ẹ lè rìn lójú títì etí ọ̀sà, ẹ lè háyà ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sí abúlé apẹja, ẹ ò lè rí iyanrìn gbọọrọ rìn. Etí ọ̀sà máa ń ní ẹrọ̀fọ̀ àti koríko ojú omi, kò yẹ fún ìlúwẹ̀ẹ́ ọmọdé.

Ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi àti ìgbà

Fún Tarkwa Bay àti Ìlàṣẹ, ẹ wo ti rélùwéè. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Mónìyà ní Ìbàdàn sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Ẹ gba ọ̀nà Ìwó lọ sí Ìbàdàn, ẹ wọ ọ̀kan ní Mónìyà. Ẹ̀búté-Mẹ́ta ò jìnnà sí CMS. Ẹrù á pọ̀ sí i ní ìgbà kan tí ẹ ó sọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ aago tí ẹ máa dé, èyí tí kò sí ẹni tó lè ṣèlérí fún yín lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó.

Aago yẹn ṣe pàtàkì, torí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà lórí omi lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, ìjọba náà ò sì gba ọkọ̀ láyè lálẹ́. Bó bá ti di aago mẹ́rin tí ẹ ò tíì dé èbúté, ẹ sùn sílé ẹ̀gbọ́n yín ní Èkó, ẹ lọ láàárọ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, kí ti ọmọdé jẹ́ ti ọmọdé. “Mọ́mì, ẹ jókòó sáàárín, ẹ jẹ́ kí kúlà bọ́ síwájú.” Bí awakọ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jiyàn, ó ń wọn ọkọ̀ rẹ̀ ni. Èyí tó bá ní kí ẹ kàn fún ara yín mọ́ra nígbà tí ọkọ̀ ti kún, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dáa jù. Oṣù kẹjọ tí àlejò ń ya wọ Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun, tí àwọn ọmọ sì wà nílé, bọ́ sí àsìkò tí ìgbì òkun ń le. Ẹni tí kò bá rí àyè mìíràn ju ìgbà yẹn lọ, kó mú Ẹ̀pẹ́.

Ta ni kó mú èwo

Ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ àti àgbàlagbà, tó ní mọ́tò tiẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ni, kí wọ́n fi Tarkwa Bay ṣe ọjọ́ kan péré bí àwọn ọmọ bá ń sunkún òkun. Tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́ méjì tó fẹ́ rìn, tí owó wọn ò pọ̀, Àgbádárìgì: òun ni mo máa mú bó bá jẹ́ owó tèmi, pẹ̀lú gbogbo wàhálà ojú títì rẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ sókè tó pa owó pọ̀, Ìlàṣẹ, níhà ọ̀sà, láàárín ọ̀sẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, onílé máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ owó. Bó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, kò ní gbé fóònù yín mọ́.